Àbúrò mi ní ẹ̀rù ò ba òun mọ́, ó fẹ́ lọ máa fò láti orí àpáta. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá_Ìbejì_Manchester
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ torí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn màámi, ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń bá wọn fò láti inú bàlúù níbí ní England. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ní owó ni àwọn fẹ́ fi kó jọ fún ilé ìwòsàn ọmọdé, ẹ̀ẹ̀kan péré, a ní kò burú. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló di gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Mo ti gba ìyẹn. Èyí tí mi ò lè gbà ni pé ó ní lọ́dún tó ń bọ̀ òun ń lọ sí Lauterbrunnen ní Switzerland láti lọ máa bẹ́ láti orí àpáta pẹ̀lú páráṣúùtì, èyí tí wọ́n ń pè ní BASE. Mo ní kí ló dé, ó ní "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà mí mọ́, mọ́tò tí mò ń wà lọ síbi iṣẹ́ léwu jù ú lọ." Ṣé òótọ́ ni? Tí kì í bá ṣòótọ́, báwo ni mo ṣe máa bá a sọ ọ́ tí kò ní rò pé ojora ló mú mi? Màámi ò tíì gbọ́ o.

Alàgbà_Mọ́kọ́lá
Ẹ pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹlẹ́mu kan wà ládùúgbò wa, ó ti ń gun ọ̀pẹ kí wọ́n tó bí mi, àràárọ̀ ló máa ń fa igbà ẹ̀ yọ, á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ìdí dé orí kó tó kọ́ ọ lọ́rùn ọ̀pẹ, bó ṣe ń ṣe é lọ́jọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ náà ló ń ṣe é lọ́jọ́ ogbó ẹ̀. Ẹ bi àbúrò yín bóyá ó ṣì ń tẹ igbà tiẹ̀ wò. Ẹ má pè é ní wèrè ṣá, ẹni téèyàn bá ti pè ní wèrè kò ní dá a lóhùn mọ́.

Afẹ́fẹ́_Lẹ́lẹ́
Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ń fò, níbí ní England náà ni, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àbúrò yín ń pè ní nǹkan kan. Ìfò láti inú bàlúù tó ń ṣe báyìí, ẹgbẹ́ àwọn afòlókè ní Amẹ́ríkà, USPA, máa ń ka ìfò àti òkú lọ́dọọdún, lọ́dún 2023 wọ́n ka ìfò mílíọ̀nù 3.65, èèyàn 10 ló kú. Ẹ ṣírò ẹ̀, ẹnì kan nínú ìfò 365,000 nìyẹn. Kì í ṣe pé a ní ìgboyà ló fà á o, páráṣúùtì méjì ló wà lẹ́yìn wa, ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí ló ń di èkejì. Ẹ̀rọ kékeré kan sì wà nínú àpò tó ń jẹ́ Cypres, Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1991, tó bá rí i pé ó ku nǹkan bí 750 ẹsẹ̀ bàtà kó o kanlẹ̀ tó o sì ṣì ń já bọ̀ ní eré tó lé ní máìlì 78 ní wákàtí, á gé okùn tó de àpò páráṣúùtì kejì fúnra ẹ̀, ìyẹn á ṣí, kódà tó o bá ti dákú.

Tó bá dé orí àpáta, kò sí èkejì, kò sí Cypres, torí kò sí àyè tí wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Láti inú bàlúù tó wà ní 13,000 ẹsẹ̀ bàtà, o ní bí ìṣẹ́jú kan kó o tó ṣí páráṣúùtì, tí nǹkan bá dojú rú o lè rò ó, o lè tún un ṣe. Láti orí àpáta, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré lo ní, tí páráṣúùtì bá sì ṣí tó kọjú sí àpáta dípò kó kọjú sí àfonífojì, inú ìṣẹ́jú-àáyá yẹn náà lo ti máa yí i padà.

Àwọn dókítà kan ní Norway ka gbogbo ìfò tí wọ́n fò láti orí òkè Kjerag láàárín ọdún 1995 sí 2005, ìfò 20,850, èèyàn 9 ló kú. Ẹnì kan nínú ìfò 2,317. Àwọn tó ṣèṣe tí wọn ò kú, ẹnì kan nínú ìfò 254. Ìfò ò tó ìfò o, ẹ̀gbọ́n.

Tíṣà_Ìṣirò
Ẹ ṣé @Afẹ́fẹ́_Lẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bá wa parí ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn torí gbogbo ẹni tó ń ṣeré eléwu ló máa ń sọ ọ́, ó sì máa ń dá ẹnu èèyàn dúró. Lọ́dún 2023, èèyàn 1,624 ló kú lójú ọ̀nà ní gbogbo Great Britain, nínú àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 65, àtẹni tó wà nínú mọ́tò àtẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Tá a bá pín in, bí ẹnì kan nínú 40,000 ní odidi ọdún kan. Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan nínú 2,317, ìyẹn ni pé tó bá bẹ́ láti orí àpáta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti ná ewu ọ̀nà bí ọdún 17 tán ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

Mo mọ̀ pé òkè kan ni Kjerag, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ka iye yẹn, kì í ṣe pé bákan náà ló rí níbi gbogbo. Ibi tó ń tan èèyàn jẹ wà níwájú. Tẹ́nì kan bá sọ fún ẹ pé nínú ìfò 2,317 ọ̀kan ṣoṣo ló ń pani, ọkàn ẹ á sọ pé "tèmi kọ́," torí ẹ̀ẹ̀kan lò ń rò. Kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀ lọ fò lẹ́ẹ̀kan. Tó bá fò ní 100 ìgbà ní irú ewu yẹn, ó ti di bí ẹnì kan nínú 24. Tó bá fò ní 500 ìgbà, ó ti sún mọ́ ẹnì kan nínú márùn-ún. Ìfò inú bàlúù tí wọ́n bá fò ní 500 ìgbà, ní iye ti 2023 yẹn, ẹnì kan nínú 730 ni. Ẹ fi èyí hàn án, kẹ́ ẹ ní kó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣírò ẹ̀.

Olókè_Sheffield
Èmi kì í fò, àpáta ni mò ń gùn, Peak District ni mo máa ń wà. Ọ̀rọ̀ pé "ẹ̀rù ò bà mí mọ́" yẹn ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Gbogbo wa lẹ̀rù máa ń fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó o dúró létí àpáta orúnkún á máa gbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ á máa làágùn, tó bá ṣe díẹ̀ ara á mọ̀ ọ́n lára, kò ní gbọ̀n mọ́. Àpáta ò kúrú sí i, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ò rọ̀ sí i, ara ẹ nìkan ló yí padà. Ìgbà tí ara ò bá sì gbọ̀n mọ́ yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé àti bírò ṣe ohun tí ẹ̀rù ń bá a ṣe tẹ́lẹ̀.

Wọ́n á máa fi Alex Honnold dá yín lóhùn, ọmọ Amẹ́ríkà tó gun El Capitan ní Yosemite ní 3 June 2017 láìso okùn kankan mọ́ra, bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 56. Lọ́dún 2016 wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ ní South Carolina, Jane Joseph tó jẹ́ onímọ̀ ọpọlọ ló wà nídìí ẹ̀, wọ́n ń fi àwòrán tó ń dáyà foni hàn án, ibi tí ẹ̀rù ti máa ń ta nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala kò mira rárá. Àwọn èèyàn gbọ́ ìyẹn tán, wọ́n ní aláìlẹ́rù ni. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ó ti fi okùn gun ọ̀nà yẹn léraléra, ó há gbogbo ibi tó máa ki ìka bọ̀ sórí, àti pé lápá ìparí 2016 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún láìlókùn, ó rí i pé ara òun ò gbà á lọ́jọ́ náà, ló bá padà. Ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ò mira yẹn náà padà o! Ó tún padà sílé lọ múra sí i kó tó di June. Ẹ bi àbúrò yín pé ìgbà wo ló ti dé ẹnu ilẹ̀kùn bàlúù rí tó ní òun ò fò lónìí, òun máa bá bàlúù sọ̀kalẹ̀. Tó bá ní kò ṣẹlẹ̀ rí, ìyẹn ló yẹ kó dẹ́rù bà yín.

Ìyẹ́_Àṣá
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ ti ń dájọ́ ọmọ yìí láìgbọ́ tẹnu ẹ̀. Mo ti fò láti orí àpáta, mo sì mọ àwọn tó ń fò. Ẹ̀yin ń rò pé a ò mọ̀ pé ikú wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó wa. Eric Brymer àti Robert Schweitzer tó fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń ṣe irú eré yìí lẹ́nu wò kọ ọ́ lọ́dún 2013 pé àwọn èèyàn yìí kì í ṣe aláìbẹ̀rù, ńṣe ni wọ́n ń bá ẹ̀rù gbé tí wọ́n sì ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìgbà tí mo bá wà létí àpáta ni ojú mi máa ń là jù, mo máa ń gbọ́ afẹ́fẹ́ bó ṣe ń yí, gbogbo wàhálà ọ́fíìsì á lọ. Ẹni tó jókòó sílé tó ń jẹ ìjẹkújẹ náà ń kú, ikú ń pa alágẹmọ tó ń yọ́ rìn, áḿbọ̀sì ọ̀pọ̀lọ́.

Afẹ́fẹ́_Lẹ́lẹ́
@Ìyẹ́_Àṣá mo gbọ́ yín, mi ò sì ní sọ pé irọ́ lẹ pa, èmi náà mọ bí ojú ṣe ń là. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹni tó ní òun ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rù ń sọ àti ẹni tó ní ẹ̀rù ò ba òun mọ́, ṣé ẹnì kan náà ni wọ́n? Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ nípa àbúrò wọn, ẹnì kejì ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Bill Booth sọ, bàbá yẹn wà lára àwọn tó ṣe páráṣúùtì ẹlẹ́ni méjì tí wọ́n so pọ̀ àti òrùka mẹ́ta tá a fi ń já páráṣúùtì tó bá bàjẹ́ dànù, ó ní bí ohun èlò bá ṣe ń dára tó, bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó ń fò á ṣe máa wá ewu kún un títí iye òkú á fi padà síbi tó wà. Ní pápá tiwa mo rí i pẹ̀lú ojú mi, àwọn tó ń kú báyìí, ọ̀pọ̀ wọn ni páráṣúùtì wọn ṣí dáadáa, kò sí ohun tó ṣe é, ńṣe ni wọ́n fẹ́ fi eré yí i nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó lè dùn ún wò, wọ́n wá gbá ilẹ̀. Ọkàn ti sinmi lé ẹ̀rọ, ó wá ń wá ibòmíì tó máa ti ta á.

Àti fídíò. Ọmọ tó ń wo fídíò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹni tó yè nìkan ló ń rí. Uli Emanuele, ọmọ Ítálì, ó wọ aṣọ oníyẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pè ní wingsuit fò gba inú ihò tóóró kan nínú àpáta kọjá ní Switzerland, gbogbo ayé ló wo fídíò ẹ̀ lọ́dún 2015, August 2016 ló kú nínú irú ìfò kan náà ní àwọn òkè Dolomites. Carl Boenish tí wọ́n ń pè ní bàbá eré BASE gan-an, ibẹ̀ ló kú sí, ní Norway, lọ́dún 1984. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Àdìgún_Colorado
Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ wá láti ibòmíì. A máa ń fi ski lọ sórí àwọn òkè tí kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gùn níbí, ohun tó ń pani níbẹ̀ ni avalanche, kí yìnyín já láti ara òkè kó sì bo èèyàn mọ́lẹ̀. Ian McCammon yẹ ìjàǹbá avalanche 715 wò ní Amẹ́ríkà, láti 1972 sí 2003, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ìdí táwọn tó mọ̀ nípa yìnyín fi ń bọ́ sínú ẹ̀. Ó rí i pé kì í ṣe àìmọ̀. Wọ́n ti mọ ibẹ̀ dáadáa, àná náà wọ́n wá, kò ṣe nǹkan kan. Ẹnì kan wà láàárín wọn tí gbogbo wọn kà sí ọ̀gá. Ẹlòmíì ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ kọjá níwájú wọn. Wọ́n ti sọ pé àwọn máa dé orí òkè, ojú á tì wọ́n láti padà. Ẹni tó kàwé jù nípa avalanche pàápàá, tó bá ti dé ibi tó mojú ẹ̀ dáadáa, ìmọ̀ yẹn kì í dá a dúró tó bó ṣe yẹ.

Ní 19 February 2012, ní Tunnel Creek lápá Stevens Pass ní Washington, àwọn tó tó bí 16 lọ, àwọn àgbà nínú ski ni wọ́n, àwọn akọ̀ròyìn ski náà wà níbẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló kú. Lẹ́yìn ẹ̀ làwọn kan nínú wọn sọ pé ara àwọn ti ń fu láti òwúrọ̀ pé èrò ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n oníkálùkù ń wojú ẹnì kejì, ó ń rò pé tí nǹkan bá wà, lágbájá á ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, kí ẹ mọ àwọn tó fẹ́ bá lọ sí Lauterbrunnen. Ewu ẹlẹ́gbẹ́ ju ti afẹ́fẹ́ lọ nígbà míì. Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè ní "ẹ jẹ́ ká padà" tí wọn ò ní fi ṣe ẹlẹ́yà?

Omi_Tarkwa
Ẹ kú ìjíròrò. Èmi wà ní Èkó, à ń fi pátákó gun ìgbì ní Tarkwa Bay, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ohun tí @Olókè_Sheffield sọ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú omi, àmọ́ tiwa yàtọ̀ díẹ̀ torí lójú omi, ojú gan-an ló ń purọ́. Àwọn tó ń wá láti ìlú lópin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n bá dé etíkun tó ṣí sí òkun ńlá, wọ́n á rí ibi tí ìgbì ti ń fọ́ tó ń họ́ yàà, wọ́n á ní ẹ̀rù ibẹ̀ ń bà wọ́n, wọ́n á wá rí àlàfo kan láàárín tó dákẹ́, omi ẹ̀ dúdú díẹ̀, kò fọ́, wọ́n á ní ibí dáa fún àwọn ọmọ. Ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń sá padà sínú òkun! Ó máa ń wọ́ èèyàn lọ kó tó mọ̀. Tó bá wọ́ yín, ẹ má bá a jà síhà ilẹ̀, ẹ lúwẹ̀ẹ́ ní ìbú, kẹ́ ẹ máa bá etí omi lọ títí ẹ máa fi jáde nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá kọjú sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ èyí fún gbogbo ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ tó ń lọ sí etíkun Èkó, kódà tẹ́ ẹ bá gbàgbé ohun tó kù.

Àwa tá a mọ̀ ọ́n ńkọ́? Àwọn bàbá wa ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Àkókò òjò tí ìgbì bá ti ga, kì í ṣe àwọn àlejò la máa ń wá kiri, wọn ò ní wọ omi lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tiwa ni.

Nọ́ọ̀sì_Cardiff
Mo ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún egungun tò. Ẹni tó ń rò nípa ewu, ikú àti ìyè nìkan ló máa ń rò, bóyá kí n kú, bóyá kí n má kú, wọn kì í ro àárín. Ẹ rí iye tí Afẹ́fẹ́_Lẹ́lẹ́ mú wá, ẹnì kan nínú ìfò 254 ló ń ṣèṣe. Ọ̀pọ̀ máa jẹ́ ọrùn-ẹsẹ̀ tàbí orúnkún, àmọ́ ọrùn-ẹsẹ̀ tó fọ́ sí wẹ́wẹ́, irin ni wọ́n máa fi tò ó, ẹlòmíì kì í lè rìn ilẹ̀ gbágungbàgun mọ́. Ẹ bi í: iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ta ló máa san háyà ẹ fún oṣù mẹ́fà? Ta ló máa wẹ̀ fún ẹ? Mo ti rí i pé ọ̀dọ́kùnrin tí kò bẹ̀rù ikú máa ń dákẹ́ tí mo bá bi í pé ta ló máa wẹ̀ fún un.

Ìyá_Ìbejì_Manchester
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. @Ìyẹ́_Àṣá ẹ má ro pé mo bínú, tiyín náà wọ̀ mí lára. Tí mo bá fẹ́ pè é lálẹ́ òní, kí ni mo kọ́kọ́ máa bi í? Mi ò lè ní kó má lọ, àgbà ti dé sí i.

Ìyẹ́_Àṣá
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbọ́ mi. Ẹ bi í pé mélòó ló ti fò láti inú bàlúù, ọ̀pọ̀ àwa tá a ń fò máa ń ní kó tó 200 kó tó ronú àpáta, aṣọ oníyẹ̀ẹ́ ńkọ́, USPA ò tiẹ̀ gbà kẹ́nì kan wọ̀ ọ́ fò láti inú bàlúù kí ìfò ẹ̀ tó pé 200. Ẹ bi í pé orúkọ ta ni ẹni tó ń kọ́ ọ. Tó bá ní "fídíò ni mo fi kọ́ ọ," ẹ bá mi pariwo mọ́ ọn. Ẹ ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí afárá tó wà lókè omi, níbi tí kò sí àpáta tí páráṣúùtì lè gbé e kọlù, kì í ṣe Lauterbrunnen. Tó bá sì dé Lauterbrunnen, ẹ ní kó gba káàdì ìbalẹ̀, owó ẹ̀ làwọn àgbẹ̀ fi ń gbà má-bínú koríko tí wọ́n ń balẹ̀ lé, kó sì pe ibùdó hẹlikópítà kó tó bẹ́.

Olókè_Sheffield
Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tó wà nílé: bí afẹ́fẹ́ bá ju báyìí lọ mi ò fò, bí aago bá lu báyìí mi ò fò. Everest lọ́dún 1996, wọ́n ti mọ̀ pé ó yẹ káwọn padà tí aago méjì ọ̀sán bá lù ibi yòówù kí wọ́n dé, àwọn kan ṣì ń gòkè lẹ́yìn aago méjì torí wọ́n ń rí orí òkè níwájú, èèyàn mẹ́jọ ló kú ní 10 àti 11 May. Ohun tó bá kọ, kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun máa bi òun léèrè máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Alàgbà_Mọ́kọ́lá
Kó fúnra ẹ̀ sọ fún ìyá ẹ̀. Ẹ má bá a sọ ọ́. Tí kò bá lè wo ojú ìyá ẹ̀ sọ ọ́, kó wo ohun tó ń dá a dúró.

Ìyá_Ìbejì_Manchester
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Màá ní kó pe màámi fúnra ẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù, ó ní inṣọ́ránsì ìrìnàjò òun máa bo gbogbo ẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì_Cardiff
Ẹ ní kó ka ìwé ẹ̀ dáadáa, kó wá ibi tí wọ́n kọ àwọn eré tí wọn ò bò sí. Ọ̀pọ̀ inṣọ́ránsì ìrìnàjò kì í bo BASE rárá, kódà èyí tó bo ski. Kó pè wọ́n, kó ní kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ sóun lórí ímeèlì, kó má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Hẹlikópítà tó máa gbé èèyàn kúrò lára àpáta ní Switzerland kì í ṣọ̀fẹ́.